Ògiri Tó Gba Abúlé Kan, Tó Fa Èkejì Lé Òkun Lọ́wọ́

Láti àárín abúlé Aldbrough, ní ìlà-oòrùn Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títì kan wà tó lọ tààrà sétí òkun. Seaside Road ni wọ́n ń pè é. Nígbà kan, àwọn tó fẹ́ gbafẹ́ létí omi ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Lónìí, ìdènà àti pátákó ìkìlọ̀ ló dábùú rẹ̀. Lẹ́yìn pátákó náà, ọ̀dà ṣì wà nílẹ̀ fún ìṣísẹ̀ díẹ̀, ó wá gé lójijì. Ẹni tó bá yọjú wo ìsàlẹ̀ (kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni yọjú) yóò rí ọ̀pá omi tó yọ orí síta lára amọ̀, wáyà tó ń fì lójú afẹ́fẹ́, àti àfọ́kù bíríkì pẹ̀lú ègé ọ̀dà tó ti já bọ́ sórí yanrìn.

Omi òkun ibẹ̀ rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíkì sí. Ilẹ̀ ló ń pa á láró: oko, ọgbà, ẹ̀yìnkùlé, gbogbo rẹ̀ ti yòrò sínú omi. Bí ẹ bá ń rìn létí òkun lẹ́yìn ìjì, ẹ ó rí ìṣù amọ̀ roboto-roboto tí ìgbì ti yí títí tí òkúta wẹ́wẹ́ fi lẹ̀ mọ́ ọn lára yíká. Kò ní pẹ́ tí òun náà yóò fi yòrò.

Holderness ni orúkọ agbègbè yìí. Láti ibi tí òkè ẹfun funfun Flamborough parí sí ní àríwá, títí dé Spurn ní gúúsù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 kìlómítà, òkun ń jẹ ilẹ̀ lọ ni. Àwọn onímọ̀ kà á mọ́ àwọn etíkun tí òkun ń yára jẹ jù lọ ní Yúróòpù. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, ó ń súnmọ́ mítà méjì lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n bèbè kì í pín nǹkan dọ́gba. Ibì kan lè dúró gbọnin fún ọdún mẹ́ta, kí ẹnu onílé máa rẹ́rìn-ín, kí mítà mẹ́wàá sì lọ ní ọdún kẹrin.

Ilẹ̀ tí yìnyín kó wá

Kò sí àpáta nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní nǹkan bí 18,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín bo apá àríwá Yúróòpù, òun ló gbá amọ̀, yanrìn àti òkúta kéékèèké jọ, tó sì tú u dà sí ibi tí a ń pè ní Holderness lónìí. Bèbè òkun àtijọ́, tó jẹ́ òkúta ẹfun, wà ní ọ̀pọ̀ kìlómítà sẹ́yìn nínú ilẹ̀, ilé àti oko sì ti bò ó. Gbogbo ohun tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ jẹ́ ohun tí yìnyín fi sílẹ̀ lọ. Òkun kàn ń gba ìpín rẹ̀ padà ni.

Ọ̀tá méjì ni bèbè amọ̀ ní. Òkun ń gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òjò ń rin ín látorí. Kì í sì í wó láìfi àmì hàn. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á kọ́kọ́ yọ nínú koríko, níwọ̀n ìṣísẹ̀ mélòó kan sí etí. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọ̀gbẹlẹ̀ ló fà á. Lẹ́yìn òjò bíi méjì, ilà náà á fẹ̀ débi tí ọwọ́ á wọ̀ ọ́, ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ á sì rẹlẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ. Bó bá yá, ègé ilẹ̀ náà á yọ̀ lọ sísàlẹ̀ tòun ti koríko orí rẹ̀, á jókòó sí ẹsẹ̀ bèbè. Ìgbì á wá máa bù ú jẹ. Nígbà tó bá kó o tán, ẹsẹ̀ bèbè á tún wà ní gbangba, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí amọ̀ àti yanrìn tó bọ́ sómi gan-an ni gbogbo àríyànjiyàn Holderness dá lé. Ìgbì tó lágbára jù níbẹ̀ ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá, ó sì ń ti yanrìn lọ sí gúúsù, láti iwájú abúlé kan dé iwájú èkejì. Amọ̀ kíkúnná ní tirẹ̀ ń bá omi lọ jìnnà, ó ń balẹ̀ sí ẹnu odò Humber àti síbi tó tún jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yanrìn tó wà níwájú bèbè ni ìrọ̀rí rẹ̀: níbi tó bá pọ̀ sí, ìgbì á ti fọ́ kó tó dé ẹsẹ̀ amọ̀, níbi tó bá tín-ín-rín, omi á kọ lu amọ̀ ní tààrà. Àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ fún àwọn ibi tí yanrìn ti tín-ín-rín bẹ́ẹ̀: ord. Ord kì í dúró lójú kan, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí gúúsù lọ́dọọdún. Àgbẹ̀ tó bá rí i tó ń bọ̀ níwájú oko rẹ̀ ti mọ̀ pé ọdún burúkú dé.

Àwọn ìlú tó ti lọ

Láti ayé àwọn ará Róòmù títí di ìsinsìnyí, wọ́n fojú bù ú pé ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà márùn-ún ni òkun ti gbà. Abúlé tó lé ní 20 ló bá a lọ. Cleeton, Hartburn, Hornsea Burton, Owthorne: orúkọ wọn wà nínú ìwé, ilẹ̀ wọn wà lábẹ́ omi.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Ravenser Odd, tó wà lórí yanrìn tí òkun fọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ lẹ́nu odò Humber. Ìlú olówó ni. Ọdún 1299 ni Ọba Edward Kìíní fún un ní ìwé àṣẹ ìlú, ó sì ń rán aṣojú lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹ̀sùn tí àwọn oníṣòwò ìlú Grimsby fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń fi ọkọ̀ pàdé ọkọ̀ tó ń bọ̀ lójú omi, wọ́n sì ń fi tipátipá darí rẹ̀ sí èbúté tiwọn. (Ẹni tó bá ti pàdé ọmọ onílẹ̀ rí l'Ékòó á ti mọ irú wọn.) Láàárín ọ̀rúndún kẹrìnlá, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gba yanrìn rẹ̀ padà. Ìjì ńlá ti oṣù kìíní ọdún 1362 ló parí rẹ̀.

Owthorne kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1816 ni ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wó sókun, itẹ́ òkú ọgbà rẹ̀ sì ń ya díẹ̀díẹ̀ títí tí pósí àti egungun fi ń já bọ́ sórí yanrìn. Àwọn tó ṣẹ́kù ló lọ ń ṣa egungun àwọn bàbá wọn, tí wọ́n tún un sin síbòmíràn.

Láti ọdún 1951 ni káńsù ti ri òpó mọ́ ilẹ̀ lẹ́bàá bèbè, ọ̀kan ní gbogbo 500 mítà, tí wọ́n ń wọn àlàfo láti ìdí òpó dé etí. Nígbà tí òkun bá gbé òpó kan, wọ́n á ri òmíràn sẹ́yìn. Lónìí, ọkọ̀ òfuurufú tó ń fi iná léésà wọn ilẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òun ò mọ̀. Ìwọ̀nba etíkun díẹ̀ láyé ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ kún tó báyìí.

Òkúta láti Nọ́wè

Mappleton jẹ́ abúlé kékeré, ilé ibẹ̀ kò ju bí àádọ́ta lọ. Títì B1242, tó so àwọn abúlé etíkun pọ̀, ló gba àárín rẹ̀. Nígbà tí ọdún 1990 fi ń súnmọ́, òkun ti dé ibi tí títì náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n ṣe ìṣirò: bí títì bá lọ, owó tí wọ́n máa fi la òmíràn gba ẹ̀yìn kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 1991, wọ́n ná nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó òkúta ràgàjì wá láti Nọ́wè, wọ́n to ọwọ́ òkúta méjì wọnú òkun, wọ́n sì to òmíràn ti ẹsẹ̀ bèbè.

Ó ṣiṣẹ́. Ọwọ́ òkúta méjèèjì dá yanrìn tó ń lọ sí gúúsù dúró, yanrìn pọ̀ níwájú Mappleton, ìgbì ò rí bèbè bá jà mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ́dún náà ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ó lé, abúlé rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ẹ wá rìn díẹ̀ lọ sí gúúsù, sí Cowden. Yanrìn tó yẹ kó dé iwájú wọn ti wà ní Mappleton. Etíkun wọn ṣófo, amọ̀ wọn dojú kọ ìgbì láìsí ohunkóhun láàárín, bèbè sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára wó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé oko kan tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́ bá a lọ láàárín ọdún díẹ̀. Àwọn tó ni ín ò gba kọ́bọ̀.

Cowden tún ní wàhálà kan tí kò sí níbòmíràn. Títí di ọdún 1998, àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo ilẹ̀ ibẹ̀ láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ǹbù. Nísinsìnyí tí bèbè ń wó, bọ́ǹbù tó ti rì sínú amọ̀ ń yọjú, ó ń já bọ́ sétí omi, àwọn ológun sì ń padà wá kó ohun tí wọ́n jù síbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ nípa etíkun ò fi bẹ́ẹ̀ jiyàn lórí ohun tí Mappleton fi kọ́ni. Ẹni tó bá dá yanrìn dúró ní òkè ti gbà á lọ́wọ́ ẹni ìsàlẹ̀. Àríyànjiyàn tó wà kò ju iye tó jẹ́ àfọwọ́fà, àti iye tí ord tó ń kọjá lọ ì bá ti ṣe lọ́nàkọnà. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn yẹn ò tu ẹni tí ilé rẹ̀ ti wọ omi nínú, ó sì hàn sí mi pé àwọn tó to òkúta náà mọ ibi tó máa já sí kí wọ́n tó tò ó.

Ta ni wọ́n máa gbà?

Ní Easington, sún mọ́ ìparí etíkun náà, ni ibùdó gáàsì ńlá kan wà. Ibẹ̀ ni gáàsì láti abẹ́ Òkun Àríwá ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1967. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pá Langeled, tó gùn ju 1,100 kìlómítà lọ láti Nọ́wè, ń já sí. Ní ọdún 1999, wọ́n to òkúta síwájú ibùdó yìí, ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà kan. Ibùdó gáàsì ni òkúta náà ń ṣọ́. Kò dé iwájú abúlé.

Ẹ má rò pé àṣìṣe ni. Ìlànà ni. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pín gbogbo etíkun wọn sí abala-abala, wọ́n sì kọ ìpinnu sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí máàpù: ibí yìí, a ó dá òkun dúró; ibí yìí, a ó jẹ́ kí ó wọlé níwọ̀nba; ibí yìí, a ò ní ṣe nǹkan kan. Ìpinnu náà ń wo iwájú títí dé ọdún 2105. Ní Holderness, Bridlington, Hornsea, Withernsea, Mappleton àti ibùdó gáàsì ni wọ́n ń gbà. Ìyókù, tó jẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ, ìpín kẹta ni wọ́n bọ́ sí.

Ìṣirò wọn kò ṣòro láti lóye. Mítà kọ̀ọ̀kan ògiri ń jẹ owó púpọ̀, ilé oko kan láàárín ilẹ̀ ọkà kò sì tó iye owó ògiri tí yóò gbà á. Àwọn onímọ̀ tún ní ìdí mìíràn. Spurn, ahọ́n yanrìn tó gùn tó kìlómítà márùn-ún lẹ́nu odò Humber, inú bèbè tó ń wó ni yanrìn rẹ̀ ti ń wá. Tí wọ́n bá fi ògiri bo gbogbo Holderness, oúnjẹ ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Spurn tìkára rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́: ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2013, omi ru gùdù, ó gé ọ̀nà ọkọ̀ ibẹ̀ sí méjì, láti ìgbà náà ni òkun sì ti ń bò ó kọjá nígbà tó bá kún gan-an. Àwọn ìlú tó wà lẹ́bàá Humber náà ń jàǹfààní lára amọ̀ tó ń balẹ̀ sódò wọn. Ní kúkúrú, oko àgbẹ̀ Cowden ló ń gbèjà ẹlòmíràn, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́.

Ilé tí kò lówó lórí mọ́

Òfin ọdún 1949 lórí ààbò etíkun fún káńsù lágbára láti kọ́ ògiri. Kò sọ ọ́ di dandan fún wọn. Bí òkun bá gbé ilé ẹni, kò sí owó gbà-máà-bínú. Ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò kì í san owó ilẹ̀ tí òkun jẹ. Báńkì kì í yáni lówó lé irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ wá ẹni tó ní owó lọ́wọ́ tí kò sì bẹ̀rù. Ohun tí ìjọba ń fún onílé ò ju 6,000 pọ́n-ùn lọ, owó tí wọ́n fi máa wó ilé náà ni. Wọ́n á ní kó o jáde, wọ́n á wá fún ọ lówó àwọn tó máa fọ́ ilé rẹ.

Ẹni tó bá bá àwọn ará Skipsea tàbí Aldbrough sọ̀rọ̀ á gbọ́ oríṣiríṣi. Àwọn àgbà kan ní àwọn ò ní kúrò, pé àwọn ti wọn àlàfo tó kù, àwọn sì ti wọn ọjọ́ ayé àwọn, ó dà bíi pé ó máa ṣe wẹ́kú. Àwọn mìíràn fi owó ìfẹ̀yìntì ra ilé tó rọni lọ́rùn nítorí ìran òkun tó wà lójú fèrèsé. Inú ń bí wọn pé ẹni tó tà á fún wọn ò là á yé wọn. Àwọn tó ń gbé àárín ìlú á ní kí ló dé tí owó orí àwọn fi máa san fún ẹni tó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ra ilé létí bèbè. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀ tó bá jẹ́ ẹni àná ló rà á. Kò ní ìtumọ̀ tó bá jẹ́ àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti ro ilẹ̀ náà.

Wọ́n ti ń dán nǹkan mìíràn wò. Wọ́n gba onílé kan láyè láti kọ́ òmíràn sẹ́yìn nínú ilẹ̀ dípò èyí tó ń lọ, ohun tó rọrùn fún ẹni tó ní ilẹ̀ àti owó. Ní Happisburgh, ní etíkun amọ̀ Norfolk, wọ́n fi owó ìjọba ra àwọn ilé mélòó kan lẹ́nu bèbè kí wọ́n tó wó wọn, láàárín ọdún 2009 sí 2012; ètò náà parí, kò di òfin. Ní ọdún 2022, wọ́n ya mílíọ̀nù 36 pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún East Riding, níbi tí Holderness wà, àti North Norfolk kí wọ́n lè ran àwọn ará etíkun lọ́wọ́ láti palẹ̀ mọ́ kí òkun tó dé. Ní Bacton, Norfolk náà, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn lọ́dún 2019: wọ́n fa yanrìn tó tó mílíọ̀nù 1.8 mítà oníhà-mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n dà á síwájú ibùdó gáàsì ibẹ̀ àti abúlé méjì tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ìgbì lè máa pín in kiri fúnra rẹ̀. Èyí wù mí ju òkúta lọ, nítorí kò jí yanrìn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láìsí gáàsì níbẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ dá owó tó pọ̀ jù síi, abúlé méjèèjì ì bá má rí i.

Èkó náà ti rí i

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyí, kó bi àwọn àgbà tó mọ Bar Beach nígbà tó ṣì fẹ̀. Láti ọdún 1908 ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọnú òkun lẹ́nu ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ ọ̀sà Èkó, kí yanrìn má baà dí i. Níbi tiwa, ìwọ̀-oòrùn ni yanrìn ti ń bọ̀, ó ń lọ sí ìlà-oòrùn. Òkúta náà dá a dúró. Etíkun Lighthouse ní apá kejì sanra, Bar Beach rù, ó sì pàdánù ju kìlómítà kan lọ láàárín ọ̀rúndún kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Tógò lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ èbúté Lomé: ilé àti títì lọ ní ìlà-oòrùn, títí dé Aného.

Ìjọba da yanrìn sí Bar Beach léraléra, kò tó. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ìlú tuntun Eko Atlantic síbẹ̀, tòun ti ògiri tó gùn tó kìlómítà mẹ́jọ. Victoria Island, tó wà lẹ́yìn rẹ̀, sùn. Àwọn ará Òkun Àlfà, ní ìlà-oòrùn, ni kò sùn: wọ́n ti ń pariwo láti nǹkan bí ọdún 2012 pé òkun ń kó títì àti ilé àwọn lọ.

Ayétòrò, nílẹ̀ Ìlàjẹ, kò ní bèbè kankan. Orí ẹrẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí lọ́dún 1947. Òkun ti gba apá tó pọ̀ níbẹ̀, ìlérí ògiri ni wọ́n sì ń gbọ́ láti ẹnu ìjọba kan dé òmíràn. Ní Yorkshire, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ògiri ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ó le, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ òótọ́ lè di ẹrù rẹ̀. Ẹni tó ń dúró de ìlérí ni omi ń bá lórí ibùsùn.

Ṣùgbọ́n òótọ́ nìkan ò tó. Ìjọba tó jókòó ti máàpù, tó fa ilà, tó ní ilé yìí ni a ó jọ̀wọ́ kí ìyókù lè wà, ti gba ilé náà lọ́wọ́ onílé, bí ẹni tó gba ilẹ̀ ẹni láti fi la títì. Wọ́n ń san owó ilẹ̀ títì. Ó yẹ kí wọ́n san èyí náà, ní Aldbrough àti ní Ayétòrò.

Kó tó dìgbà náà, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Hull, nítòsí Holderness, àti agbègbè rẹ̀, tí ẹ bá rí ilé olówó pọ́ọ́kú tó kọjú sókun, ẹ lọ wo máàpù káńsù kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ etíkun ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kkí, níbi tí èbúté tuntun ti na ọwọ́ òkúta sínú òkun, ẹ má bi ẹni tó ń tà á nípa títì àti iná nìkan. Ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n ti kọ́, àti ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà.